Ibi Tí Nǹkan Bọ́ Sí Lórí Bébà: Láti Ojú Ewé Íntánẹ́ẹ̀tì Dé PDF

 

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí a bá sọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì di PDF, báwo la ṣe máa mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan tó wà lójú ewé náà bọ́ sí? Orúkọ, fọ́tò, tábìlì, àpótí ìfọwọ́sí: ojú ìwé kìíní ni wọ́n wà ni, tàbí ìkejì? Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà sí etí bébà tó? Ìbéèrè náà lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní ìlú wa, Tẹ̀dé, ní àsìkò JAMB mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Láti ọdún 2015 ni JAMB ti pa ìdánwò orí bébà tì pátápátá. Ìforúkọsílẹ̀, ìwé tí ọmọ máa mú wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, èsì, ìwé ìgbaniwọlé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé NIN tó ní nọ́ńbà 11, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìpè NYSC. Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kí wọ́n tó di bébà, bébà sì ni ọ́fíìsì ṣì ń gbà lọ́wọ́ ẹni. PDF ló dúró láàárín méjèèjì. Bí àpótí ìfọwọ́sí bá sá lọ sójú ìwé kejì lóun nìkan, ọ̀gá ilé-ìwé wo ló máa fọwọ́ sí bébà tí kò sí orúkọ ọmọ kankan lórí rẹ̀? Owó bébà di méjì, owó yíǹkì di méjì. Bó bá wá jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n ti dá ìwé náà padà, ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ láti Òkè-Ògùn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún òbí.

Ìdí tí nǹkan fi ń sá kúrò nípò báyìí ni pé ìwé oríṣi méjì tí ìwà wọn kò bára mu rárá la fẹ́ fi ọ̀kan ṣe èkejì.

Tim Berners-Lee ló gbé èrò World Wide Web kalẹ̀ ní 1989, ní CERN, ilé ìwádìí ńlá tó wà lẹ́bàá ìlú Geneva ní Switzerland. HTML tó ṣe fún un kò bìkítà nípa ìwọ̀n bébà. Ohun tó ń sọ kò ju pé: àkọlé nìyí, ìpínrọ̀ nìyí, tábìlì nìyí, àwòrán nìyí. Bùráúsà ló máa wo bí ojú fóònù tàbí ojú kọ̀ǹpútà ṣe fẹ̀ tó, tí yóò sì to gbogbo rẹ̀ bí ààyè bá ṣe gbà á. Ojú ewé kan náà a gùn gbọọrọ lórí fóònù, a sì kúrú lórí kọ̀ǹpútà, kò sì sí èyí tó ṣì nínú méjèèjì. Nígbà tí Håkon Wium Lie, ọmọ orílẹ̀-èdè Norway, dá CSS lábàá ní 1994, tí òun àti Bert Bos sì jọ ṣe é títí tó fi di ìlànà gbogbogbòò ní 1996, a rí ọ̀nà láti sọ bí a ṣe fẹ́ kí nǹkan rí. Síbẹ̀, bùráúsà ni wọ́n fi ìṣirò ibi tí nǹkan máa bọ́ sí gan-an sílẹ̀ fún.

PDF kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. John Warnock, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ilé iṣẹ́ Adobe sílẹ̀, ló wà nídìí rẹ̀, ọdún 1993 ni wọ́n sì gbé e jáde. Ohun tí Warnock ń wá ni pé kí ìwé tí wọ́n ṣe ní ibì kan rí bákan náà gẹ́lẹ́ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ṣí i. Ní 2008 ó di ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 32000. Nínú PDF, kò sí “gbé èyí sábẹ́ ìpínrọ̀ yẹn”. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tú ọ̀kan tí wọn kò fún pọ̀, irú ìlà yìí lẹ máa rí:

72 720 Td (TEDE) Tj

Ohun tó ń sọ ni pé: rìn ní 72 láti etí òsì, gòkè ní 720 láti ìsàlẹ̀ bébà, kí o sì kọ lẹ́tà mẹ́rin yìí síbẹ̀. Pọ́ìǹtì ni wọ́n ń pe ìwọ̀n náà, 72 nínú rẹ̀ ló sì wà nínú ínǹṣì kan. Bébà A4 tí gbogbo wa ń lò, mílímítà 210 ní fífẹ̀, 297 ní gígùn, jẹ́ pọ́ìǹtì 595 sí 842. PDF tí mo tú yìí kò mọ̀ pé orúkọ ìlú ni òun kọ, kò sì mọ̀ bóyá àkọlé ni tàbí ọ̀rọ̀ inú tábìlì. Nọ́ńbà ló mọ̀, àti àwòrán lẹ́tà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ orúkọ ìlú wa láìfi àmì sí i o. Ọ̀rọ̀ àmì ń bọ̀.

Ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Àtìsbò, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà níhìn-ín ní Tẹ̀dé, fẹ́ máa ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà kọ ojú ewé rẹ̀: fọ́tò lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, orúkọ, agboolé, wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà àpótí tí akọ̀wé máa fọwọ́ sí. Ó wá fẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà mìíràn fi ìfọwọ́sí akọ̀wé àti àmì QR sínú àpótí náà lẹ́yìn tí PDF bá ti jáde. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àpótí náà wà nínú PDF.

Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kó bi bùráúsà. Àṣẹ kan wà fún un nínú JavaScript, getBoundingClientRect, tó máa sọ iye piksẹ́lì tó wà láti òkè ibi tó hàn nínú bùráúsà dé orí àpótí; bí a kò bá tíì yí ojú ewé náà sísàlẹ̀, òkè ojú ewé gan-an nìyẹn. Ká ní ó dáhùn pé 1,300. Piksẹ́lì 96 ni CSS kà sí ínǹṣì kan, PDF sì ka pọ́ìǹtì 72, nítorí náà kí á fi 0.75 sọ piksẹ́lì di pọ́ìǹtì. A4 ga ní piksẹ́lì bí 1,122 àbọ̀. Bí a bá fi ínǹṣì kan sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ohun tó kù fún ọ̀rọ̀ jẹ́ 930 àbọ̀. Nígbà tí 1,300 ju ìyẹn lọ, ojú ìwé kejì ni àpótí wà, ní piksẹ́lì 369 àbọ̀ sísàlẹ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn pọ́ìǹtì 277. Ẹ fi 72 ti etí òkè kún un, ó di 349. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ni PDF ti ń kà sókè, láti òkè sì ni bùráúsà ti ń kà wálẹ̀; ẹ yọ 349 kúrò nínú 842, ó ku 493. Ibẹ̀ ni kí á fi ìfọwọ́sí sí.

Ìṣirò yìí mọ́ tónítóní, àwọn tó sì ń kọ́ iṣẹ́ yìí fúnra wọn sábà máa ń dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa tàn wọ́n jẹ. Ojú ewé tí a wọ̀n kọ́ ni ojú ewé tí wọ́n tẹ̀.

Ẹ wò ó. Ojú fóònù lè fẹ̀ ní piksẹ́lì 360. Ààyè ọ̀rọ̀ lórí A4 tí a yọ ínǹṣì kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ nǹkan bí 602. Ìpínrọ̀ tó gba ìlà mẹ́wàá lórí fóònù lè gba mẹ́fà lórí bébà, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì gòkè. CSS tún fi àyè sílẹ̀ láti sọ pé kí nǹkan kan má hàn bó bá di ọ̀rọ̀ títẹ̀ jáde: bọ́tìnnì, àtòkọ òkè, ìpolówó. Nígbà tí wọ́n bá pòórá, ìyókù á tún sún. Fọ́tò tí kò tíì dé látorí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí a ń wọ̀n lè dé ṣáájú títẹ̀, kó sì ti tábìlì sísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège fún mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìwọ̀n bébà fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀, èyí ló sì ń dùn mí jù, torí pé ó rọrùn láti tún ṣe. Puppeteer, irinṣẹ́ tí Google gbé jáde ní 2017 láti máa fi Chrome ṣe PDF láìsí ẹni tó jókòó tì í, bébà Letter tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò ló máa ń mú bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ohun mìíràn fún un. Letter jẹ́ pọ́ìǹtì 612 sí 792. Ó fẹ̀ díẹ̀ ju A4 lọ, ṣùgbọ́n ó fi pọ́ìǹtì 50 kúrú sí i. Pọ́ìǹtì 50 tó ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, kí ni wọ́n sábà máa ń jẹ́? Déètì, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, àti ìfọwọ́sí gan-an. Ẹni tó kọ ètò náà gbàgbé láti kọ A4, ọmọ tó wà ní Tẹ̀dé gba bébà méjì. Tí oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà bá wá tẹ Letter náà sórí A4 pẹ̀lú “Fit”, ẹ̀rọ á fún gbogbo rẹ̀ kù sí nǹkan bí 97 nínú 100, kò sì sí nọ́ńbà kan nínú PDF tó bá ibi tó wà lórí bébà mu mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀wé fún ará ìlú: bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n máa gé, tí wọ́n máa lámínéètì, ẹ yan “Actual size”.

Ta ló wá mọ ibi tí àpótí wà? Ẹni tó to ọ̀rọ̀ sórí bébà náà ló mọ̀. Òun ló ṣírò ìlà, òun ló gé ojú ìwé, òun ni kí á bi. Gbogbo ohun tí mo wá sọ lónìí kò jù báyìí lọ: ẹ má ṣe méfò ibi tí nǹkan wà láti ìta, ẹ jẹ́ kí ẹni tó tò ó sọ ọ́.

Àwọn kan ti ṣe irinṣẹ́ wọn lọ́nà tó fi lè dáhùn. Prince, tí Håkon Wium Lie tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà lára àwọn aṣíwájú ilé iṣẹ́ tó ni ín, ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ getPrinceBoxes. Bí ìwé bá ti tò tán, ẹ bi í nípa àpótí ìfọwọ́sí, yóò sọ ojú ìwé tó wà, yóò sọ x, y, fífẹ̀ àti gíga. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kì í dá èsì ẹyọ kan padà. Àkójọ ni. Tábìlì tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ìwé kìíní tó sì parí lókè ìkejì ní ibi méjì tó wà, ìdáhùn tó bá sì sọ pé ibì kan ni kì í ṣe òótọ́.

Bó bá jẹ́ Chrome lẹ ń lò, tí ẹ kò sì lówó irinṣẹ́ tó ń gba owó, ọgbọ́n kan wà tó máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìjápọ̀ yí ohun tí ẹ fẹ́ mọ ibi tó wà ká, kí ìjápọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀ tí kò sí lẹ́lòmíràn. Bí Chrome bá ṣe PDF, ó gbọ́dọ̀ kọ ibi tí ènìyàn lè tẹ̀ ìjápọ̀ náà sínú rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Rect, lábẹ́ ojú ìwé tó wà gan-an. Ètò kékeré kan tí ẹ fi Python kọ, tó ń lo pypdf, á ṣí PDF náà, á ka Rect wọ̀nyẹn, á sì yọ àwọn ìjápọ̀ náà dànù lẹ́yìn náà. Kò sí ìṣirò 0.75, kò sí yíyọ kúrò nínú 842. Ẹni tó to ìwé ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n mímọ ibi tí nǹkan wà kò tó bí ibi tó wà bá burú. Àwọn ahunṣọ wa ní Ìsẹ́yìn mọ iṣẹ́ yíyan ibi tí a máa gé nǹkan láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Aṣọ òfì ń jáde lórí òfì ní tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ kan ṣoṣo, ẹ̀yìn náà ni wọ́n ń gé e sí ìwọ̀n kan náà kí wọ́n tó rán an pọ̀. Ahunṣọ tí kò bá mọ ibi tí ọ̀bẹ máa gbà kọjá á gé ọnà rẹ̀ sí méjì. Bùráúsà náà ń hun ojú ewé gbọọrọ, ó sì ń gé e sí gíga bébà. A lè sọ fún un níbi tí kò gbọ́dọ̀ gé. Nínú CSS, ẹ kọ break-inside: avoid sára àpótí ìfọwọ́sí, kò ní gé e. Ẹ kó orúkọ ẹni àti àpótí ìfọwọ́sí sínú ohun kan náà kí ẹ tó kọ àṣẹ yẹn, kí wọ́n lè jọ sún bí wọ́n bá máa sún, bí ìyá àti ọmọ tó pọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yà. Bí tábìlì bá gùn, ẹ fi orí rẹ̀ sínú thead, bùráúsà á sì tún orí náà kọ sókè ojú ìwé tó tẹ̀lé e, kí ẹni tó ń ka ojú ìwé kejì má baà máa wo nọ́ńbà tí kò mọ ohun tó dúró fún.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí àmì. Ohun tó kéré jù lọ tí a ní láti mọ ibi tó wà nínú ìwé Yorùbá ni àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni PDF ti ń já wa kulẹ̀ jù.

Àmì ìsàlẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde ní 1855 lórí bí a ṣe lè kọ àwọn èdè àgbáyé pẹ̀lú lẹ́tà kan náà, ìlànà rẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, tí Ajayi Crowther wà láàárín wọn, gùn lé láti kọ Yorùbá. Nígbà náà, òjé ni lẹ́tà, ọwọ́ ènìyàn ló sì ń tò ó; ibi tí atẹ̀wé bá fi àmì sí ni yóò wà. Lónìí, Unicode fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún ọ àti ṣ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ tó wà nínú orúkọ Tẹ̀dé kò ní. Ohun méjì ni, ẹ àti àmì tó ń tẹ̀lé e, tí kọ̀ǹpútà ní láti gbé léra. Àwọn ará Vietnam ní lẹ́tà tó ní àmì lórí àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ệ, nọ́ńbà ẹyọ kan ni Unicode sì fún un. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà fọ́ǹtì ló ní láti ṣe iṣẹ́ tí atẹ̀wé ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Fọ́ǹtì tó dára ní ibi tí wọ́n ti sàmì sí lórí ẹ, níbi tí àmì ohùn máa jókòó sí. Charis SIL ní in, Noto Sans ní in. Bí fọ́ǹtì kò bá ní in, àmì á fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kí bùráúsà lọ yá ẹ láti inú fọ́ǹtì mìíràn, kí lẹ́tà kan tinrin kí èkejì sanra. Ẹni tó kọ ojú ewé náà kò ní rí i, torí fọ́ǹtì tó pé wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Sáfà tó wà lọ́nà jíjìn ló ń ṣe PDF, fọ́ǹtì tó wà lórí sáfà náà ló sì ń lò. Bí kò bá ní ọ̀kankan tó bá Yorùbá mu, àpótí òfìfo ló máa tẹ̀ sí orúkọ ọmọlọ́mọ. Kí á gbé fọ́ǹtì tí a fẹ́ fún ojú ewé náà nípasẹ̀ @font-face, kí á sì rí i pé ó ti dé kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ PDF.

Àmì tún lè jókòó dáadáa lójú, kó sì bàjẹ́ nínú. PDF ń tọ́jú àwòrán lẹ́tà, ó sì ní tábìlì kan, ToUnicode, tó ń sọ lẹ́tà tí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró fún. Bí tábìlì yẹn bá ṣì, ìwé á dára lórí bébà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wá orúkọ nínú rẹ̀ kò ní rí i. Ó rọrùn láti yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣí PDF, ẹ fi ìka da Tẹ̀dé kọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú WhatsApp. Bó bá jáde ní Te de, tàbí tí àmì bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ìwé náà kò tíì yẹ ní gbígbé fún ará ìlú.

Ibi tí mo fẹ́ parí sí ni ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè fi ojú wo bébà. Ní Ọ̀yọ́, láti 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe, àwọn afọ́jú sì wà lára àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ètò tó ń ka ìwé sókè fún wọn kò rí òkè tàbí ìsàlẹ̀ bí àwa ṣe ń rí i. Bí PDF bá jẹ́ nọ́ńbà lásán, ètò náà ní láti méfò ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ kà, ó sì lè ka déètì mọ́ orúkọ, kó ka máàkì ìṣirò mọ́ ti bàọ́lọ́jì. PDF tó ní táàgì yàtọ̀. Ó ń gbé ìrántí HTML dání: ọ̀rọ̀ tó wà ní 72, 720 yìí, àkọlé ni, èyí, ihò kan nínú tábìlì ni, lábẹ́ orí báyìí. Láti 2020 ni Chrome ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe PDF oní táàgì. Mo ka èyí sí ìdáhùn tó dára jù lọ sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà kò sọnù lẹ́yìn títò, inú ìwé náà ló ń gbé, ẹnikẹ́ni sì lè bi í léèrè.

Ṣùgbọ́n Chrome kò lè fi táàgì sí ohun tí ẹni tó kọ ojú ewé kò sọ fún un. Ojú ewé tó jẹ́ div, àpótí HTML tí kì í sọ irú ohun tó wà nínú rẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀ kò ní nǹkan kan láti sọ. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ tàbí fún ilé-ìwé yín, ẹ fi h1 kọ àkọlé, ẹ fi th kọ orí tábìlì, ẹ kọ ohun tí fọ́tò jẹ́ sínú alt, ẹ kọ A4 sínú @page, kí ẹ sì kọ lang="yo" sára html níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ Yorùbá, kí ohùn tó ń kà á fún afọ́jú náà mọ èdè tó wà níwájú òun.